Bí Ìlú Kékeré Ṣe Lè Ṣe Àdéhùn Ariwo Tí Kò Ní Tú Kí Oṣù Tó Parí

Ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣe ń gbógun ti ariwo kò yàtọ̀ síra. Ẹnìkan á fẹjọ́ sùn láàfin, akígbe á lu agogo yíká ìlú pé kí olúkúlùkù dín ohùn sípíkà rẹ̀ kù, ibi gbogbo á pa lọ́lọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí oṣù tó yí, ṣọ́ọ̀ṣì ti tan tiwọn padà, ilé ọtí ti tẹ̀ lé e, jẹnẹrétọ̀ ti ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, ẹni tó fẹjọ́ sùn sì ti di ẹni tí kò fẹ́ kí ìlú dùn. Ìkéde náà kì í dúró nítorí pé “ẹ dín in kù” kì í ṣe òfin. Kí wọ́n dín in kù dé ibo? Láti aago mélòó? Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Bí wọn kò bá dín in kù ní aago kan òru, ta ni kí n pè?

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ìlú bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, bóyá akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni, tàbí olórí ọ̀dọ́, tàbí ìjòyè àdúgbò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ nìyí: ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ariwo ń sùn sí ni kí ẹ ti wọn ariwo, ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́nu sípíkà ẹni tó ń pa á. Bí ẹ bá di èyí mú, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò, ọ̀rọ̀ “ṣé èmi nìkan ni ẹ rí”, gbogbo wọn á rọlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Èèyàn márùn-ún sí méje. Kí ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, kí Mùsùlùmí wà níbẹ̀, kí obìnrin ọjà wà níbẹ̀, kí ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Kí ẹ sì mú ẹnìkan tí òun fúnra rẹ̀ ń pariwo jẹun: ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹni tó ń fi sípíkà háyà.
- Lẹ́tà kúkúrú láti ààfin tó fi yín hàn. Láìsí i, ẹnu ọ̀nà kejì ni wọ́n ti máa lé yín.
- Fóònù méjì tó ní áàpù tó ń wọn ariwo. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn.
- Ìwé àjákọ kan, àti àwòrán ìlú tí ẹ fi ọwọ́ yà.
- Kun funfun díẹ̀, sípánà, àti táyà ògbólógbòó. Ẹ máa rí ìwúlò wọn níwájú.
- Síìmù kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí gbogbo ìlú máa mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá. Àwọn ọmọ ìlú ń ti Àbújá àti Èkó bọ̀ wálé nígbà náà, ìgbéyàwó àti ìsìnkú kún gbogbo ọjọ́ Sátidé, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́. Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta ló dáa, kí òfin ti ní egungun kí ọdún tó dé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ariwo ìlú sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn. Ohun márùn-ún ni kí ẹ kọ nípa ariwo kọ̀ọ̀kan: kí ló ń pa á, ibo ni, ọjọ́ wo, láti aago mélòó sí aago mélòó, àti ta ni kò jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ìyá ọlọ́mọ tuntun, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru tó sì ń sùn lọ́sàn-án, ọmọ tó ń kàwé fún WAEC tàbí JAMB, àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Àwọn àgbààgbà tó wà láàfin á sọ fún yín pé ariwo ò pọ̀. Òótọ́ ni, nítorí pé ògiri ààfin nípọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí orísun ariwo tó sì ń ráhùn. Ẹ má pè é ní òpùrọ́. Òkè àpáta ló yí púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa ká, bí ohùn bá sì lu àpáta, ńṣe ló ń padà wá. Lóru ọ̀gbẹlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ilẹ̀ máa ń tètè tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ lọ. Ohùn tí ì bá gòkè lọ sójú ọ̀run á wá tẹ̀ kọrọdọ padà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣọ́ òru tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú fi lè máa dún létí ẹni tó wà lókè, tí ẹni tó wà láàárín kò sì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọyẹ́ ni èyí le jù.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á kọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan àti ilé ọtí kan, wọ́n á sì dìde. Wọn kò ní kọ gbọ̀ngàn ìlú tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń fi háyà fún àríyá títí aago mẹ́ta òru. Wọn kò ní kọ ìwúyè tí ìjòyè kan ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kọ wọ́n, kí ẹ sì kọ wọ́n sókè pátápátá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ìwé náà sókè láàárín ara yín. Bí ó bá ku ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tí kò tíì gbọ́ ohun kan tó kan ilé òun, ìjọ òun tàbí ẹbí òun, ẹ kò tíì kọ ọ́ tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọ̀n ọ́n

Dẹ́sìbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo, dB ni wọ́n sì ń kọ. Kì í ṣe bí a ṣe ń ka owó ni a ṣe ń ka á. Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ń pa dB 70, méjì irú rẹ̀ lápapọ̀ kì í pa 140. 73 ni wọ́n máa pa. Bí ariwo bá fi dB 10 lé, etí èèyàn á gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì. Torí náà, bí ẹnìkan bá dín tirẹ̀ kù láti 75 sí 65, ẹ má sọ pé 10 péré ni. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo wà láti ọdún 2009, lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007. Ó pín ọjọ́ sí méjì: ọ̀sán láti aago 6 àárọ̀ sí aago 10 alẹ́, òru láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀. Fún ilé gbígbé, dB 50 lọ́sàn-án, 35 lóru. Fún ilé ìwòsàn, 45 lọ́sàn-án, 35 lóru. Àdúgbò tí ilé gbígbé pa pọ̀ mọ́ ìtajà àti ibi ìgbádùn lè dé 55 lọ́sàn-án, 45 lóru.

Ní tèmi, ẹ má gbé 35 yẹn lọ bá ará ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà. Ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ nìkan lè pa jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́ òjò, ẹnìkan á sì béèrè bóyá ẹ máa mú ọ̀pọ̀lọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó wúlò fún wa ni ìyàtọ̀: mélòó ni òru ń pa nígbà tí orísun ariwo náà dákẹ́, mélòó ló di nígbà tó ń ṣiṣẹ́?

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí:

1. Ẹ yan dBA nínú áàpù, ìyẹn ìwọ̀n tó ń ka ariwo bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ fi sí “Slow” kí nọ́ńbà má baà máa fò, kí ẹ sì wo ìwọ̀n àárín fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Nọ́ńbà tó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ìlẹ̀kùn tàbí ajá lè ti fà á.
2. Ẹ dúró níta, létí fèrèsé yàrá ẹni tó ń ráhùn, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí ògiri tó mítà mẹ́ta bí àyè bá wà. Ògiri máa ń da ohùn padà, á sì bu nǹkan bí dB 3 kún un.
3. Ẹ gbé fóònù dé ìwọ̀n àyà, kí ẹ na ọwọ́ síwájú. Ẹ yọ àpò rẹ̀ bí ó bá bo ihò ẹ̀rọ ìgbọ́hùn.
4. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù tàbí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.
5. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ariwo náà ń lọ, ẹ tún wọ̀n ọ́n níbì kan náà nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ kọ méjèèjì.

Ká ní òru dákẹ́ ní 39, tí ìṣọ́ òru sì gbé e dé 62. Ìyàtọ̀ 23 nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sùn nínú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó 3, ẹ kò lè fi ìka hàn pé ohun tí ẹ ń wá ló fà á. Bí ó bá kọjá 10, ọ̀rọ̀ ti dá ṣáká.

Ìkìlọ̀ méjì. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ kóòtù. Ó lè fi dB mélòó kan ṣìṣe sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ lo fóònù kan náà níbi gbogbo, kí àṣìṣe rẹ̀ lè bá gbogbo èèyàn dọ́gba. Èkejì ni báàsì. Bí ìró “gbìm, gbìm” bá ń mi páànù ṣùgbọ́n tí dBA kò ga, ẹ yí áàpù sí dBC, ìwọ̀n tó ń ka ìró ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Bí dBC bá fi ogún ju dBA lọ, wúfà, ìyẹn sípíkà báàsì, ni wàhálà yín, nítorí dBA kì í ka ìró ìsàlẹ̀ bí ara ṣe ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló ti sọ fún ìyá arúgbó pé kò sí ariwo, tí ibùsùn ìyá náà sì ń gbọ̀n.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹni méjì fi fóònù kan náà wọn ibì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà wọn bá fi ju 3 lọ yàtọ̀, ẹ tún ìlànà yín ṣe kí ẹ tó gbé e síta.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun tí sípánà lè tún ṣe, ẹ má gbé e lọ sí ìpàdé

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ pẹ́ jù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bá èèyàn dín ariwo rẹ̀ kù láìná an ní nǹkan gidi, á gbọ́ yín nígbà tí ẹ bá padà wá pẹ̀lú ìwé.

*Jẹnẹrétọ̀.* Ẹ kọ́kọ́ wo sáléńsà rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ lu, pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀. Ẹ gé táyà ògbólógbòó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà máa gbọ̀n lórí símẹ́ǹtì. Ẹ yí ẹnu èéfín rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ sún un jìnnà: níta gbangba, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ̀nà náà di ìlọ́po méjì, nǹkan bí dB 6 ló ń rọlẹ̀. Èyí tó ń pa 80 ní mítà márùn-ún á pa nǹkan bí 74 ní mítà mẹ́wàá, 68 ní mítà ogún. Bí àyè kò bá sí, ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó ga ju jẹnẹrétọ̀ lọ dáadáa, kí ó sì wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ariwo gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí ó fi aṣọ àti páálí dí i pa. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Bí ìgbìmọ̀ yín bá rọ èèyàn láti dín ariwo kù láìsọ èyí fún un, ẹ̀ ń wá òkú.

*Ẹ̀rọ ìlọta àti ti gàrí.* Ariwo tó ń gún etí jù níbẹ̀ ni ti irin tó ń lọ irin nígbà tí kò sí nǹkan nínú ẹnu rẹ̀. Kí onílọta pa á, tàbí kí ó tú irin náà sílẹ̀ díẹ̀, nígbà tí oníbàárà bá ṣì ń bọ́ ata sínú abọ́. Kí ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ilẹ̀ le. Páànù tó tú lára ahéré rẹ̀ máa ń gbọ̀n ju ẹ́ńjìnì lọ. Ìṣó márùn-ún tó fún un.

*Sípíkà orí òrùlé.* Ìwo tí wọ́n so mọ́ òpó gíga, tí ó kọjú sí ojú ọ̀run àti sí gbogbo ìlú, ni ìyà ńlá. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ó sì kọjú sí àgbàlá ìjọ. Sípíkà kékeré mẹ́rin nínú ilé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nítòsí ìjókòó, máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oníwàásù yé àwọn èèyàn ju ńlá kan tó wà níwájú lọ, wọn kò sì ní yí i sókè. Ẹni tó jókòó níwájú kò ní di adití, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní máa béèrè pé kí ló wí.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tí ohùn ti dáa nínú ilé tí kò sì yọ aládùúgbò lẹ́nu, ẹ fi kun funfun sàmì sára bọ́tìnnì amplifier. Kí wọ́n má kọjá àmì náà. Ẹ sàmì sí ti báàsì lọ́tọ̀, kí ó wà nísàlẹ̀, nítorí báàsì ni ògiri kò lè dá dúró.

Àwọn kan á dá a lábàá pé kí a gbin igi. Igi dáa fún ibòji àti fún èso, ṣùgbọ́n ìlà igi kan kì í dá ariwo dúró. Àfi kí ó di igbó tó fẹ̀. Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri náà kò ṣe nǹkan kan fún aládùúgbò, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìdúnpadà kù díẹ̀ nínú yàrá fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìjọ náwó lé e.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ padà síbi fèrèsé kan náà, lásìkò kan náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì fi 5 rọlẹ̀ ó kéré tán, aládùúgbò kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ bá wọn nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Níwájú ogójì èèyàn, kò sí pásítọ̀ tó máa gbà pé òun ń dí ìlú lọ́wọ́, kò sí lèmọ́mù tó máa gbà á. Ẹ lọ sílé wọn, èèyàn méjì péré, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀sìn ẹni tí ẹ ń lọ bá. Ẹ kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa:

“Okun o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ààfin ló rán wa, ṣùgbọ́n a ní kí a kọ́kọ́ fi ojú kan yín. A ti lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, a ti lọ bá Olóyè, wọ́n ti gbà. Ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn yín ń ṣàìsàn. A wọ̀n ọ́n lójú fèrèsé rẹ̀, ohun tí a rí nìyí. A ò wá láti dá ìṣọ́ òru dúró o. Sípíkà ìta nìkan ni a ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí.”

Ẹ kíyè sí i pé gbọ̀ngàn ìlú àti ìjòyè ti gbà ṣáájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì lọ.

Ìpè ìrun ìdájí àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fa àríyànjiyàn, nítorí pé wọ́n máa ń bọ́ sí ṣáájú aago 6. Ohun tí mo rí pé ó lè gbà fún tọ̀tún tòsì ni kí ẹ jẹ́ kí ìpè àti agogo fúnra wọn wà, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí wáàsí, orin àti ìwàásù ojú títì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe dúró di aago 6. Ohun tí ẹ bá fún ọ̀kan, ẹ fún èkejì ní ìṣẹ́jú iye kan náà.

Àìsùn òkú ló nira jù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kó pa sípíkà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo òkú ni a máa yọ̀ǹda fún, òfin náà ti kú nìyẹn, torí kò sí ilé tí kò ní òkú. Ẹ jẹ́ kí DJ àti sípíkà dákẹ́ ní aago 10. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi ẹnu kọrin, kí wọ́n máa lu ìlù àti agogo bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Kò ní dí àìsùn lọ́wọ́. Ẹ bá àwọn DJ àti àwọn tó ń fi sípíkà háyà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹbí, torí àwọn ni ọwọ́ wọn wà lórí bọ́tìnnì, wọn kò sì pọ̀ nínú ìlú.

Bí ẹnìkan bá ní ariwo kò pa èèyàn, ẹ rán an létí àwọn ọdẹ àti fijilántì tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ìlú. Etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nínú ìlú tí sípíkà mẹ́ta ń dún títí di aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìbọn ìkìlọ̀ tàbí igbe ẹni tí wọ́n ń jí gbé. Ẹnu àwọn tó ń rojọ́ máa ń wọlé tí a bá ti sọ èyí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bẹ̀ wò pé kí ó fúnra rẹ̀ sọ aago àti ohun tó gbà. Bí ó bá kàn ní “a ti gbọ́”, kò tíì gbà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo

Bí ó bá ti di ojú ìwé méjì, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Àpẹẹrẹ:

1. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, kò sí sípíkà tàbí ìwo tó gbọdọ̀ wà níta tàbí tó kọjú síta.
2. Ní àkókò náà, ohùn sípíkà tàbí ẹ̀rọ láti inú ilé ìjọsìn, ilé ọtí tàbí ilé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ju dB 5 lọ lé ohun tí òru ń pa, tí a bá wọ̀n ọ́n lójú fèrèsé aládùúgbò.
3. Ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ igi àti ti wẹ́dà: aago 7 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́.
4. Kò sí sípíkà ìta nítòsí ilé ìwòsàn nígbàkúùgbà, àti nítòsí ilé ìwé lásìkò ẹ̀kọ́.
5. Òru tí a yọ̀ǹda: ìdágbére ọdún ní 31 Oṣù Kejìlá, òru ọdún Àjíǹde, òru ọdún Iléyá, àti òru ọdún ìbílẹ̀ tí ààfin bá kéde. Kò sí òmíràn.
6. Ẹni tó fẹ́ ṣe àríyá pẹ̀lú sípíkà á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, á sì fi owó ìdúró sílẹ̀. Bí sípíkà bá dákẹ́ lásìkò, á gba gbogbo owó rẹ̀ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.
7. Fèrè àti ìbọn ìkìlọ̀ àwọn ọdẹ, àti ìpè ìrun ìdájí àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú tí a jọ fẹnu kò sí, kò sí lábẹ́ òfin yìí.

Owó ìdúró yẹn lágbára ju owó ìtanràn lọ. Àdéhùn ni, ẹni náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sílẹ̀. Kí obìnrin tí ọjà fọkàn tán máa tọ́jú rẹ̀, kí ó máa já rìsíìtì, kí ó sì dá a padà láàárọ̀ gan-an láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fi falẹ̀ lórí owó ẹnìkan, wọ́n á ní owó ni ẹ ń wá.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á ní “àyàfi bí ìgbìmọ̀ bá yọ̀ǹda”. Gbólóhùn yẹn ni ihò tí gbogbo èèyàn pàtàkì máa gbà kọjá. Ẹ kọ àwọn òru tí ẹ yọ̀ǹda, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan kà, kí ẹ bi í pé, “Ìyàwó ilé kejì ń ṣe ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń lu sípíkà ní aago 11 alẹ́. Ṣé ó tọ́?” Bí ó bá dáhùn láìwò yín lójú, ìwé náà ti dáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Nọ́ńbà òru, àti ohun tí ẹ máa ṣe fún alágídí

Kí èèyàn méjì máa gbé síìmù náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pín in. Bí ìpè bá wọlé, kí wọ́n kọ aago àti ibi tó ti wá, kí wọ́n má sì dárúkọ ẹni tó pè fún ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ bá jáde lẹ́ẹ̀kan péré, síìmù yẹn kò ní dún mọ́.

Ìpè fóònù lẹ́ẹ̀kan sí onísípíkà ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá gbé e, kí wọ́n dúró di àárọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sùn. Ẹ má rán ọ̀dọ́ lọ sí ilé ọtí lóru. Ẹ má gé wáyà, ẹ má gba amplifier lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má tì í. Ìlú kò ní agbára yẹn, ẹ̀yin sì ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú.

Ìkìlọ̀ kejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ rí sí i. Ìkẹta, kí ẹni náà wá síwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ẹni tó jù ú lọ nílé rẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá mú un, ọ̀nà òfin ṣí sílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ìwé àṣẹ ọtí títà àti àmójútó ilé oúnjẹ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí náà ẹ lè kọ̀wé sí kánsù yín, ìbáà jẹ́ ní Ìyàrà, Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Odò-Ẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn. Ilé ọtí tó fẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ bọ́ kò pọ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí NESREA fún ẹ̀rọ ńlá, bíi ilé igi tàbí jẹnẹrétọ̀ òpó fóònù. Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Kogi, náà kò fàyè gba ohun tó ń yọ gbogbo ìlú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́pàá àti kóòtù ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, torí ẹ ṣì máa bá ara yín gbé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ka ìwé ìpè. Bí kò bá sí ìpè rárá, ẹ má yọ̀ o. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ráhùn ní Ìgbésẹ̀ 1 bóyá wọ́n mọ nọ́ńbà náà, àti bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n láti pè é.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi àríyá ńlá kan dán an wò

Ẹ má dúró di Kérésìmesì kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó kan láàárín ọdún, èyí tó dáa jù ni ti ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀. Kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó ìdúró lójú gbogbo èèyàn. Ní aago 9:45, kí ẹnìkan lọ rán DJ létí ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ní aago 10:10, ẹ wọ̀n ọ́n ní fèrèsé mẹ́ta: èyí tó súnmọ́ jù, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó wà lábẹ́ àpáta ní òdìkejì ìlú.

Bí ó bá kùnà, kí ẹni náà pàdánù owó rẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀. Bí ó bá yege, kí ẹ dá a padà fún un níwájú ẹbí kí wọ́n tó tú ká láàárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kínní, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ti padà, ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé ìpè Oṣù Kejìlá, kí ẹ wo ìlà wo ni wọ́n rú jù nínú méjèèje, kí ẹ tún ìlà yẹn nìkan kọ, kí ẹ fi ọjọ́ tuntun sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹ sì já ti àtijọ́ kúrò lára ògiri ọjà.